Ojú Wo Ni A Fi Gbẹ́ Jésù? Èkìtì àti Àwòrán Olúwa Káàkiri Ayé

Bí ọdún Àjíǹde bá ti ń sún mọ́lé, àríyànjiyàn kan wà tó máa ń gba orí Facebook àti àwọn ẹgbẹ́ WhatsApp àwa ọmọ Èkìtì kan: ṣé òyìnbó ni Jésù? Ẹnì kan á gbé àwòrán Jésù aláwọ̀ dúdú síta, ẹlòmíràn á ní ọ̀rọ̀ òdì ni. Ẹnì kẹta á ní kí gbogbo wọn sinmi, pé ìgbàlà ni ká máa lé, ká fi àwọ̀ sílẹ̀. Láti bí ọdún mélòó kan, àwòrán tí ẹ̀rọ AI yà ti wá dá kún un: Jésù tó wọ agbádá, Jésù tó dúró sínú oko kòkó, Jésù tí ojú rẹ̀ ń dán gbinrin bí ti òṣèré fíìmù Amẹ́ríkà, tí àwọn ìyá wa ń kọ "Àmín" sábẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo fẹ́ ṣàlàyé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀ wá, nítorí ó dá mi lójú pé Èkìtì ní ohun tó ju ariwo lọ láti mú wá síbẹ̀. Ilẹ̀ wa yìí ti gbẹ́ Jésù rí. Ọwọ́ àwọn ọ̀gá agbẹ́gilére tí ayé ń wárí fún títí dòní ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó dáyé. Ọ̀pọ̀ wa kò sì gbọ́ nípa rẹ̀ rí.

Ká ti inú Bíbélì bẹ̀rẹ̀ ná. Nínú ìwé Ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí ibi tí wọ́n ti sọ bí Jésù ti ga tó, bí irun rẹ̀ ti rí, tàbí bí ara rẹ̀ ti pọ́n tàbí dúdú tó. Ohun tí a lè fà yọ ni pé kò yàtọ̀ sí àwọn èèyàn àdúgbò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá mú un ní Gẹtisémánì, Júdásì ní láti fi ẹnu kò ó lẹ́nu kí wọ́n tó mọ èwo ni. Bó bá jẹ́ pé irun rẹ̀ pọ́n bí ìhùùhù àgbàdo láàárín àwọn Júù Gálílì, kí ni wọ́n tún ń wá afinihàn sí? Màríà Magdalénì rí i ní òwúrọ̀ àjíǹde, ó ṣe bí olùṣọ́gbà ni. Àwọn kan máa ń fa Ìfihàn orí 1 yọ, níbi tí Jòhánù ti rí irun tó funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú àti ẹsẹ̀ tó dà bí idẹ tí a yọ́ nínú iná ìléru, wọ́n á ní ẹ̀rí nìyẹn pé adúláwọ̀ ni. Ìran ni Jòhánù rí o. Ẹnu ẹni yẹn kan náà ni idà olójú méjì ti jáde. Mi ò rò pé ẹsẹ Bíbélì yẹn la lè fi parí ọ̀rọ̀ àwọ̀.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà gbìyànjú. Ní 2001, Richard Neave, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó mọ bí a ṣe ń fi egungun orí tún ojú èèyàn mọ, lo agbárí ọkùnrin kan tó gbé ayé nílẹ̀ Ísírẹ́lì ní ọ̀rúndún kìíní fún ètò kan lórí BBC. Ojú tó jáde gbòòrò, awọ rẹ̀ pọ́n dúdú bí ti àwọn ará ìhà yẹn, irun orí rẹ̀ kúrú, ó sì ká. Kì í ṣe ojú Jésù fúnra rẹ̀, nítorí agbárí ẹlòmíràn ni. Ó kàn jẹ́ ká mọ irú èèyàn tí a lè bá pàdé lọ́jà Násárẹ́tì nígbà náà.

Báwo wá ni irun gígùn, irùngbọ̀n àti awọ funfun ṣe dé? Àwòrán Jésù tó wà lára èyí tó pẹ́ jù tí a ṣì ní lọ́wọ́ wá láti Dura-Europos, ìlú kan ní Síríà tó pa run ní nǹkan bí ọdún 256. Wọ́n hú ilé kan jáde níbẹ̀ tí àwọn onígbàgbọ́ sọ di ilé ìjọsìn, wọ́n sì bá àwòrán lára ògiri yàrá ìrìbọmi. Nínú èyí tí Jésù ti wo arọ sàn, ọ̀dọ́mọkùnrin ni, kò ní irùngbọ̀n, irun rẹ̀ kúrú. Bí àwọn ará Róòmù ìgbà náà ṣe ń múra ni wọ́n ṣe yà á, nítorí ohun tí ayàwòrán ń rí lójoojúmọ́ ló ń yà. Ọ̀rúndún díẹ̀ lẹ́yìn náà, nígbà tí olú ọba fúnra rẹ̀ ti di onígbàgbọ́, ojú Jésù yí padà. Àwòrán Kristi Olódùmarè tó wà ní ilé àwọn mọ́ńkì ti Catherine Mímọ́ lẹ́sẹ̀ òkè Sínáì, tí wọ́n yà ní ọ̀rúndún kẹfà, ti ní irùngbọ̀n àti irun tó balẹ̀ dé èjìká, ó dì ìwé mú, ó sì wò wá bí ọba tó jókòó sí ìtẹ́. Irú ojú bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Gíríìkì ti ń fún Zeus, olórí àwọn òrìṣà wọn, tẹ́lẹ̀. Ẹ kíyè sí i: irùngbọ̀n tí a ń pè ní ti Jésù lónìí, ojúbọ ẹlòmíràn ló ti wá.

Láti ibẹ̀ ni Yúróòpù ti gbà á. Àwọn ayàwòrán Ítálì ya Jésù bí ọmọ Ítálì, àwọn ti Jámánì yà á bí ọmọ Jámánì, tó fi mọ́ aṣọ, òkè àti igi tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ojú omi gbé àwòrán ọmọ ilẹ̀ wọn yẹn wá fún wa, tí ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún wa pé ọmọ ilẹ̀ wọn ni.

Èyí tó wọ ilé jù lọ láyé òde òní wá láti Amẹ́ríkà. Ní 1940, Warner Sallman, ayàwòrán kan ní Chicago, ya orí Jésù: irun àwọ̀ ilẹ̀ tó ń dán, ojú tó ń wo òkè, ìmọ́lẹ̀ tó ń bù yẹ̀rì sí iwájú orí. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí káàdì kékeré fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí kàlẹ́ńdà, sórí fìtílà, sórí aago. Iye ẹ̀dà tí wọ́n ti tẹ̀ ju 500 mílíọ̀nù lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni fíìmù dé. Èyí tí wọ́n ṣe ní 1979 lórí ìwé Ìhìnrere Lúùkù, tí òṣèré ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣe Jésù níbẹ̀, ti di èyí tí wọ́n túmọ̀ sí èdè tó lé ní 2,000. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà Èkìtì lè rántí aṣọ funfun tí wọ́n ta sí gbàgede ọjà, jẹnẹrétọ̀ tó ń dún lẹ́yìn, àti Jésù tó ń sọ Yorùbá láti ẹnu òyìnbó. Nígbà tí ìyá àgbà kan bá ní òun rí Jésù lójú àlá, ó tọ́ ká bi í léèrè bí ojú rẹ̀ ti rí. Ó lè jẹ́ ti òṣèré yẹn.

Bí ẹ bá dúró níwájú ẹni tó ń ta férémù àti kàlẹ́ńdà nínú ọjà ní Adó, ẹ máa rí ohun tí mò ń sọ. Ọkàn Mímọ́ wà níbẹ̀, tí Jésù fi ìka kan ọkàn tó ń jó láyà rẹ̀. Oúnjẹ Alẹ́ Ìkẹyìn wà níbẹ̀, tí wọ́n dà kọ láti inú iṣẹ́ Leonardo da Vinci, èyí tó yà sára ògiri yàrá ìjẹun àwọn mọ́ńkì ní Milan láàárín 1495 sí 1498. Ti ọjà wa sábà máa ń ní iná mọ̀nàmọ́ná kéékèèké tó ń ṣẹ́jú léteetí. Olùṣọ́ Àgùntàn Rere wà níbẹ̀, àgùntàn onírun jọ̀kọ̀jọ̀kọ̀ lọ́rùn rẹ̀, irú èyí tí a kì í sìn ní Èkìtì. Ẹgbẹ́ wọn gan-an ni kàlẹ́ńdà ọba wà, tí Kábíyèsí wọ ẹ̀wù ìlẹ̀kẹ̀, tó dé adé. Ọ̀nà méjì tí a gbà ń fi ọlá hàn ló kọjú síra wọn níbẹ̀, kò sì wọ́pọ̀ kí ẹnikẹ́ni ronú pé wọ́n lè pàdé lára ẹnì kan ṣoṣo.

Níbòmíràn, wọ́n ti pàdé. Ní Kusco, ìlú àtijọ́ àwọn Ínkà ní Perú, Marcos Zapata ya Oúnjẹ Alẹ́ Ìkẹyìn fún kàtídírà ìlú náà ní nǹkan bí 1753. Ohun tó wà nínú àwo níwájú Jésù ni cuy, ẹran kékeré kan bí emọ́ tí àwọn ará òkè Andes ń sìn nílé, tí wọ́n ń yan jẹ lọ́jọ́ ọdún. Zapata kò bi ẹnikẹ́ni léèrè bóyá wọ́n ń jẹ cuy ní Jerúsálẹ́mù. Ọjọ́ ọdún ni, àlejò pàtàkì jókòó, oúnjẹ iyì la gbé kalẹ̀. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn púpọ̀, nítorí pé ẹni tó bá rí i mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ilé Zapata ni Olúwa ti ń jẹun.

Ní Lima, olú ìlú Perú kan náà, ẹrú kan tí wọ́n kó láti Àńgólà ya Jésù lórí àgbélébùú sára ògiri amọ̀ ní 1651. Ilẹ̀ mì tìtì ní 1655, ilé wó lulẹ̀ yí i ká, ògiri náà dúró. Títí di òní, lóṣù kẹwàá ọdún, ogunlọ́gọ̀ èèyàn máa ń wọ aṣọ àlùkò, wọ́n á sì tẹ̀lé ẹ̀dà àwòrán yẹn káàkiri ìgboro. Ní Manila ní Filipínì, ère Jésù tó ru àgbélébùú, tí wọ́n gbé wá láti Mẹ́síkò ní 1606, dúdú kirikiri. Lọ́jọ́ kẹsàn-án oṣù kìíní, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn máa ń rìn láìwọ bàtà, wọ́n á máa du okùn tí wọ́n fi ń fà á.

Nílẹ̀ Áfíríkà wa ńkọ́? Ethiopia ti gba ìgbàgbọ́ láti ayé ọba Ezana ní ọ̀rúndún kẹrin, kí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù tó gbọ́ orúkọ Jésù. Jésù inú àwòrán wọn pọ́n bí ará Ethiopia, ẹyinjú rẹ̀ tóbi, ó ranjú. Ní ìjọba Kóńgò, tí ọba rẹ̀ ṣe ìrìbọmi ní 1491, àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ rọ àgbélébùú tí ojú Kristi orí rẹ̀ jẹ́ ojú ará Kóńgò. Ní àríwá Kamẹrúùnù, lọ́dún 1970 àti díẹ̀, àwọn ará Mafa ṣe eré ìtàn Ìhìnrere fúnra wọn nínú abúlé wọn, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, fọ́tò yẹn ni wọ́n sì fi ṣe àwòrán aláwọ̀ mèremère tó ti wọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi káàkiri ayé. Nínú wọn, abẹ́ òrùlé koríko ni wọ́n bí Jésù sí.

Èyí tó máa ń wọ̀ mí lákínyẹmí ara jù lọ nínú gbogbo wọn wà ní Birmingham, ní ìpínlẹ̀ Alabama, Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án 1963, àwọn tó kórìíra adúláwọ̀ gbé bọ́ǹbù sí ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi ti Òpópónà Kẹrìndínlógún ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n pa ọmọbìnrin mẹ́rin. Fèrèsé gíláàsì aláràbarà kan wà tí Jésù òyìnbó wà lára rẹ̀. Fèrèsé náà kò fọ́ tán, ojú Jésù nìkan ló fò yọ. Àwọn ará Wales, níbi tó jìnnà réré sí wọn, dá owó jọ ní kọ́bọ̀ kọ́bọ̀, ayàwòrán wọn John Petts sì ṣe fèrèsé mìíràn tí wọ́n fi síbẹ̀ ní 1965. Adúláwọ̀ ni Kristi inú rẹ̀. Ó na apá rẹ̀ méjèèjì, ọ̀rọ̀ inú Mátíù orí 25 sì wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, pé ohun tí ẹ ṣe sí èyí tó kéré jù nínú wọn, èmi lẹ ṣe é sí. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ àwọ̀ Jésù kò já mọ́ nǹkan kan, kí ó ro ti ṣọ́ọ̀ṣì yẹn wò.

Ní oṣù kẹfà 2020, lẹ́yìn tí ọlọ́pàá pa George Floyd, adúláwọ̀ kan, ní Minneapolis, Justin Welby, tó jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury nígbà náà, sọ lórí rédíò BBC pé ó yẹ kí Ìjọ tún ọ̀rọ̀ Jésù aláwọ̀ funfun rò, nítorí pé ibikíbi tí Ìjọ Áńgílíkà bá wà láyé ni Jésù ti ń jọ àwọn tó wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé Èkìtì, níbi tí Áńgílíkà ti fìdí múlẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ojú mi kò kúrò lára gíláàsì àti férémù tó wà nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa nígbà tí mo gbọ́ ọ.

Ó yẹ ká bi ara wa léèrè ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ tí iṣẹ́ igi gbígbẹ́ ti pọ̀ tó ti Èkìtì. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì, tó kú ní 1938, wà lára àwọn agbẹ́gilére tó tóbi jù lọ ní gbogbo Áfíríkà. Ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ̀rẹ́ lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley, Lọ́ńdọ̀nù, ní 1924. Ilé Àkójọ Ìṣẹ̀ǹbáyé ti Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ rà á, Ògògà kò tà á. Wọ́n fi àga ìtẹ́ tí wọ́n kàn ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe pàṣípààrọ̀, Lọ́ńdọ̀nù ló sì wà títí di òní. Ẹ wo ohun tó wà lára ilẹ̀kùn yẹn: Ògògà jókòó, adé lórí, olorì lẹ́yìn rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba òyìnbó sì ń bọ̀, wọ́n gbé e sórí àkéte. Ojú Èkìtì ni Ọlọ́wẹ̀ fi wo òyìnbó yẹn, ọwọ́ Èkìtì ló fi gbẹ́ ẹ. Ẹni tó lè ṣe ìyẹn, kí ni kò lè gbẹ́?

Ìdáhùn tí mo rí wà ní ìlú Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè. Ìlú Agbọnbíòfẹ́ ni, ọmọ ìdílé Adéṣínà, tó gbẹ́ àwọn opó ààfin Aláàyè lẹ́yìn tí iná jó ààfin náà ní 1912. Ìlú náà kan náà ni Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá dé ní 1930, lẹ́yìn tí ìsọjí ńlá ti bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooyè, Iléṣà. Èèyàn ya lọ bí omi. Wọ́n kó ère, oògùn àti ìfúnpá jáde, wọ́n dáná sun ún. Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n sin Babalọlá sí nígbà tó kú ní 1959, ibẹ̀ sì di ibi tí àwọn ọmọ Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi ń lọ gbàdúrà. Odò-Ọwá, níbi tí wọ́n ti bí Babalọlá ní 1904, ni wọ́n máa ń pe Bámgbóyè mọ́, ọ̀gá tó ń gbẹ́ Ẹpa, ère tí eégún ń gbé lé orí, tó ga ju ọmọdé lọ. Wòlíì àti agbẹ́gilére, àdúgbò kan náà ni wọ́n ti wá.

Mi ò bá àwọn tó dáná sun ère wí. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sá fún, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì rí ìtura tí wọn kò rí tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí kò hàn sí wa lójú títí di ìsinsìnyí. Láti ìgbà yẹn, igi tí a gbẹ́ ojú sí di òrìṣà lọ́kàn wa, ohun yòówù kí ojú náà jẹ́. Àwòrán orí bébà kò gba irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ka "Ìwọ kò gbọdọ̀ yá ère fún ara rẹ" sí agbẹ́gilére létí, kàlẹ́ńdà Jésù wà lára ògiri pálọ̀ rẹ̀, kò sì rí i pé òfin yẹn kan náà ní "tàbí àwòrán ohun kan". Òyìnbó lórí bébà rí ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, ó wọlé. Igi ìrókò tiwa kò rí ẹni gbà á.

Àfi ní Ọ̀yẹ́. Ní 1947, ẹgbẹ́ àwọn àlùfáà Kátólíìkì tí à ń pè ní SMA dá ilé iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Fadá Kevin Carroll, tí wọ́n bí ní Liverpool ní 1920, àti Fadá Sean O'Mahony ló wà nídìí rẹ̀. Wọ́n kó àwọn agbẹ́gilére, àwọn ahunṣọ àti àwọn tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ọnà jọ, wọ́n ní kí wọ́n fi iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ ṣe ohun èlò fún ilé ìjọsìn. Ọ̀gá tí wọ́n gbára lé jù ni Bándélé, ọmọ Arẹ́ógun ará Ọ̀sì, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Èkìtì nílẹ̀ Kwara. Arẹ́ógun fúnra rẹ̀ ti gbẹ́ ilẹ̀kùn àti Ẹpa kọjá òǹkà. Ó kú ní 1954. Ní òpin àwọn ọdún 1940 ni Lámídì Fákẹ́yẹ ará Ìlá Ọ̀ràngún wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé. Mùsùlùmí ni Lámídì, ó sì kú ní Mùsùlùmí ní 2009, lẹ́yìn tó ti kọ́ni ní yunifásítì Ifẹ̀, tí UNESCO sì ti fún un lóyè. Ọwọ́ Mùsùlùmí yẹn ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ kò yí padà kúrò ní ti bàbá wọn. Ọ̀nà mẹ́rin ni gígbẹ́ ère Yorùbá ń tọ̀. Ọ̀nà lílé ni àkọ́kọ́: àáké ni wọ́n fi ń la igi náà títí orí, àyà àti ẹsẹ̀ á fi hàn gátagàta. Àlétúnlé tẹ̀lé e, níbi tí ojú, etí àti ọwọ́ ti ń jáde. Dídán ni ẹ̀kẹta, ọ̀bẹ ló ń mú ara igi jọ̀lọ̀. Fínfín ló gbẹ̀yìn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fín ilà ojú, irun dídì, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn àti ọnà ara aṣọ. Orí ère máa ń tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, tó fi lè tó ìdá mẹ́rin gbogbo gíga ara, nítorí pé orí lẹni. Bí ẹ bá fi irú ojú yìí gbẹ́ Jésù, kò ní jọ fọ́tò, kò sì ní jọ Sallman. Á jọ ẹni tó ní orí, tó ní iyì, tó dúró gbọin. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ìtàn ìbí Jésù ní Ọ̀yẹ́, àwọn amòye tó wá láti ìlà-oòrùn di ọba Yorùbá tó dé adé. Màríà kò sì ṣòro fún wọn rárá. Ọwọ́ tó ti ń gbẹ́ ìyá ọlọ́mọ sórí Ẹpa láti ìran dé ìran, kò sí fadá tó máa kọ́ ọ bí abiyamọ ṣe ń gbé ọmọ.

Àwọn kan nínú ìjọ kò fẹ́ ẹ. Wọ́n ní ó jọ ohun tí àwọn ti fi sílẹ̀. Carroll, tó tẹ ìwé jáde lórí iṣẹ́ ọnà ìsìn Yorùbá ní 1967, kò fojú kéré ọ̀rọ̀ wọn. Èsì tirẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú ohun tí agbẹ́gilére Yorùbá ń ṣe, ilẹ̀kùn ààfin, opó, àpótí, ẹwà àti ọlá ló wà fún, kì í ṣe ohun tí à ń foríbalẹ̀ fún. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bọ opó ààfin. Síbẹ̀, ilé iṣẹ́ náà parí ní 1954, àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ sì fọ́n ká.

Irúgbìn rẹ̀ hù níbòmíràn. Bruce Onobrakpeya ya Ọ̀nà Àgbélébùú fún ṣọ́ọ̀ṣì Pọ́ọ̀lù Mímọ́ ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, Èkó, ní òpin àwọn ọdún 1960. Carroll ló gbé iṣẹ́ náà fún un, àwọn èèyàn inú rẹ̀ sì wọ aṣọ tiwa. Ère Kristi tó jíǹde tí Ben Enwonwu gbẹ́ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì Àjíǹde ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ìgbìmọ̀ Vatican Kejì, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì, sì fi òǹtẹ̀ lu ọ̀rọ̀ náà ní 1963, wọ́n ní Ìjọ kò sọ irú iṣẹ́ ọnà kankan di tirẹ̀ nìkan, ó gba ti orílẹ̀-èdè gbogbo wọlé. Ọ̀yẹ́ ti ń ṣe é fún ọdún púpọ̀ kí Róòmù tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Nísinsìnyí ẹ̀rọ ló ń yàwòrán. Ní 2024, ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù ní Lucerne, Switzerland, gbé Jésù orí kọ̀ǹpútà sínú yàrá ìjẹ́wọ́ fún oṣù díẹ̀, ó ń fi nǹkan bí ọgọ́rùn-ún èdè dá àwọn èèyàn lóhùn. Ojú tí wọ́n fún un ni èyí tí gbogbo wa ti mọ̀, irun gígùn, irùngbọ̀n, awọ funfun. Kò yà mí lẹ́nu. Ohun tí èèyàn bá bọ́ AI ló máa ń pọ̀ jáde, ohun tó sì pọ̀ jù lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni àwọn ọmọ Sallman. Bí ẹnì kan bá ní kó ya Jésù "ti Áfíríkà" fún òun, ọmọ òyìnbó kan náà ni yóò kùn ní dúdú, tí yóò sì wọ̀ ọ́ láṣọ tí kò mọ ìlú tó ti wá. Kò mọ Ẹpa. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń fín irun. Àwòrán Jésù dúdú tí kò ní ọwọ́ agbẹ́gilére Èkìtì kankan nínú, mi ò mọ ohun tó fi sàn ju kàlẹ́ńdà Chicago lọ.

Owó kì í sì í ṣe ìṣòro bí a ṣe ń rò ó. Ní Abajah, ní ìpínlẹ̀ Ímò, wọ́n ṣí ère Jésù kan ní ọjọ́ kìíní ọdún 2016, ó ga tó nǹkan bí mítà mẹ́jọ àbọ̀, ó wúwo tó tọ́ọ̀nù 40. Mábù funfun ni wọ́n fi ṣe é, àwọn oníṣẹ́ láti Ṣáínà ló sì gbẹ́ ẹ. Ìfẹ́ àti ìgbàgbọ́ ẹni tó náwó sí i kò ṣe é jiyàn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Ígbò ní ọwọ́ tó lè gbẹ́ ẹ, bí Èkìtì ṣe ní tirẹ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì tuntun ń dìde lójoojúmọ́ ní Adó, ní Ìkọ̀lé, ní Ìjerò. Ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́ máa ń fi ọ̀pọ̀ ìpàdé sọ̀rọ̀ lórí òrùlé, páńẹ́lì, táìlì àti ẹ̀rọ amúlétutù. Kí wọ́n tó ra ilẹ̀kùn irin àti gíláàsì tí wọ́n ti tẹ Jésù sí lára, kí wọ́n bẹ agbẹ́gilére kan wò, kí wọ́n sọ ìtàn fún un, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ kó ṣe é bó ṣe mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ìjọ rẹ̀ kò gba ère láyè lè fi ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀, tàbí àga ìwàásù, tàbí opó ìloro, nítorí kò sẹ́ni tó ń gbàdúrà sí ilẹ̀kùn. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Ọ̀yẹ́ láti 2011, nínú ìlú tí ilé iṣẹ́ yẹn wà gan-an. Ó yẹ kí ìtàn Bándélé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ kó tó wà ní Amẹ́ríkà.

Ẹ̀yin tí bàbá tàbí ìyá yín bá wọn ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́, tàbí tí ẹ ní fọ́tò, aṣọ híhun, àgbélébùú tàbí pátákó kan láti ìgbà náà nínú yàrá àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tà á fún àwọn tó ń ra ohun àtijọ́ káàkiri. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ kọ orúkọ ẹni tó ṣe é àti ẹni tó sọ fún yín sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì mú un tọ àlùfáà ìjọ yín tàbí àwọn olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ní yunifásítì lọ nígbà tí àwọn tó rántí ṣì wà láyé.